Ẹ Jẹ́ Kí Ìlànà Kọ̀ǹpútà Wa Wà Lójú Kan

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ti oṣù yìí, kí a tó jókòó ní ìpàdé gbogbogbò láti fọwọ́ sí owó tí a ó fi ra sọ́fúwíà tuntun fún ìṣirò owó ẹgbẹ́. Kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á ni mo fẹ́ sọ. Kì í sì í ṣe bóyá kọ̀ǹpútà dára tàbí kò dára. A ti kọjá ibẹ̀ yẹn. Ohun tí mo fẹ́ bi yín kò ju ẹyọ kan lọ: níbo ni a ó kọ ìlànà ẹgbẹ́ wa sí nínú ẹ̀rọ yìí, ta ni yóò sì lè rí i kà?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kọ̀ǹpútà kò mọ ẹgbẹ́ wa rí. Ó mọ bí a ṣe ń ṣírò, ó mọ bí a ṣe ń tẹ̀wé, ṣùgbọ́n kò mọ iye èlé tí à ń gbà lórí ẹ̀yáwó, kò mọ iye tó kéré jù tí ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dá lóṣù, kò mọ ọjọ́ tí à ń pa ìwé ọdún dé, kò sì mọ orúkọ tí a fẹ́ kí ó máa tẹ̀ sórí rìsíìtì. Ènìyàn ni yóò sọ gbogbo ìyẹn fún un. Ohun tí a bá sọ fún un yìí ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní settings. Èmi ó máa pè é ní ìlànà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Inú fáìlì ni wọ́n ń kọ ìlànà sí, fáìlì kò sì ju ìwé kan tí kọ̀ǹpútà fi pamọ́ sínú ara rẹ̀ lọ. Nígbà tí a bá ṣí sọ́fúwíà náà, yóò lọ ka ìwé yẹn, yóò sì mọ bí a ṣe fẹ́ kí òun ṣe.

Bí ìwé náà bá jẹ́ ẹyọ kan, kò sí wàhálà. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìwé bá di mẹ́ta, tó di mẹ́rin, tí olúkúlùkù wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Apá tó ń ṣírò ẹ̀yáwó ní tirẹ̀. Apá tó ń tẹ rìsíìtì ní tirẹ̀. Apá tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ ẹgbẹ́ ní tirẹ̀. Èyí tó ń ṣe àkójọ ìparí ọdún náà ní tirẹ̀. Ohun kan náà, èlé kan ṣoṣo, ó wá di ohun tí a kọ sí ojú mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é, nítorí owó ni èdè tí gbogbo wa gbọ́. Ká sọ pé ẹgbẹ́ kan dín èlé kù ní ìpàdé gbogbogbò, láti náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún sí náírà mẹ́jọ. Akọ̀wé ṣí apá ẹ̀yáwó àti apá rìsíìtì, ó yí 10 padà sí 8, ó pa ẹ̀rọ, ó lọ sílé. Kò mọ̀ pé 10 ṣì wà nínú fáìlì tí àkójọ ìparí ọdún ń kà. Lẹ́yìn ìpàdé yẹn, ìyá aláṣọ kan yá ₦300,000 fún ọdún kan. Rìsíìtì rẹ̀ sọ pé èlé rẹ̀ jẹ́ ₦24,000, ó sì san án pé. Nígbà tí ọdún parí, àkójọ ní irọ́ ni, ₦30,000 ni èlé, ìyá yẹn ṣì jẹ ẹgbẹ́ ní ₦6,000. Bí ogójì ènìyàn bá yá iye kan náà, ₦240,000 ni ìwé ń pè ní gbèsè, tí kò sì sí ẹni tó jẹ ẹ́.

Ta ló jí owó? Kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ariwo tí yóò sọ ní ìpàdé! Àwọn kan á ní akápò ni. Akápò á ní akọ̀wé ni. Akọ̀wé á búra pé òun yí i padà, òótọ́ ló sì ń sọ. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn bí ìlànà bá fọ́n káàkiri: bí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí àwọn yòókù, a kò ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ wà lọ́jà mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Bí kóńgò méjì bá wà nínú ìsọ̀ kan, tí ọ̀kan fi díẹ̀ ju èkejì lọ, ìjà ló ń bí, kódà bí onísọ̀ kò bá ní ẹ̀tàn kankan nínú. Oníbàárà tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí kóńgò méjèèjì kò ní padà wá mọ́.

Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÒ ṢẸ̀ṢẸ̀ BẸ̀RẸ̀

Kí á tó dé orí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ ká rántí pé a ti ṣe irú nǹkan báyìí rí ní ilẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ojú ọ̀nà, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Kì í ṣe pé apá òsì burú. Àwọn ará Ìlú Ọba ń wakọ̀ ní apá òsì títí di òní, nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà wà ní apá kan náà. Bákan náà ni ti àkọtọ́ èdè wa. Kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974, ẹlòmíràn ń kọ “aiye”, ẹlòmíràn ń kọ “ayé”. Ènìyàn tó bá kà á á mòye pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kì í mòye. Lójú rẹ̀, “aiye” àti “ayé” jẹ́ ohun méjì tí kò bára tan. Ìdí nìyẹn tí ìfọ́nkáàkiri fi burú nínú kọ̀ǹpútà ju bó ti burú láàárín ènìyàn lọ.

Àwọn tó ń ṣe sọ́fúwíà gan-an ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó yẹ kí a kọ́gbọ́n lára wọn kí a tó ná owó wa. Ibi mẹ́ta ni mo fẹ́ mú yín dé.

Àkọ́kọ́ ni ti Windows, tí ilé iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà ṣe, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń rí ní ọ́fíìsì. Nígbà tí Windows 3.1 jáde ní 1992, inú àwọn fáìlì kéékèèké tí orúkọ wọn parí sí INI ni wọ́n ń kọ ìlànà sí. WIN.INI wà, SYSTEM.INI wà, ọ̀pọ̀ sọ́fúwíà tí ènìyàn bá sì fi kún un a máa mú INI tirẹ̀ wá. Ire kan wà nínú rẹ̀: ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹni tó bá mọ̀wé kà lè ṣí i kó sì rí ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fọ́n káàkiri. Ẹni tó bá ń wá ìlànà kan lè ṣí fáìlì márùn-ún kó tó rí i. Ẹni tó bá sì yọ sọ́fúwíà kan kúrò lè rí i pé ohun tí ó kọ sínú WIN.INI ṣì wà níbẹ̀, bí ayálégbé tó kó lọ tó fi ẹrù sílẹ̀ sínú yàrá.

Nígbà tí Windows 95 dé ní 1995, Microsoft ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní kí àwọn tó ń ṣe sọ́fúwíà máa kó ìlànà wọn sí ojú kan tí wọ́n pè ní Registry. Irú rẹ̀ kékeré ti wà nínú Windows 3.1, ṣùgbọ́n 1995 ni ó di ilé ńlá. Ìkójọ yìí dára. Kí ni ó kù? Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì méjì, SYSTEM.DAT àti USER.DAT, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán mọ́. Bí ènìyàn bá ṣí wọn bí ẹni ṣí ìwé, wúruwùru ni yóò rí. Àfi kí ó lo irinṣẹ́ pàtàkì kan tí wọ́n ń pè ní Regedit. Bí Registry bá sì bàjẹ́, kọ̀ǹpútà odindi lè kọ̀ láti jí. Microsoft fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí Windows 95 fi ń pa ẹ̀dà fáìlì méjèèjì mọ́ ní ẹ̀gbẹ́, kí ó lè rí nǹkan padà sí.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kíkó ìlànà jọ dára, ṣùgbọ́n bí a bá kó o jọ tán tí a wá tì í mọ́ inú àpótí tí ẹni díẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, a ti bọ́ nínú wàhálà kan bọ́ sínú òmíràn ni.

Èkejì ni ti Linux. Linux yàtọ̀ sí Windows ní ti pé kò sí ilé iṣẹ́ kan tó ni ín. Oríṣiríṣi ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ ló ń kó o jọ fún àwọn ènìyàn láti lò. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ wò níbẹ̀ kéré púpọ̀: orúkọ tí a sọ kọ̀ǹpútà. Orúkọ ṣá o! Àwọn Debian ń kọ ọ́ sínú fáìlì kan tí wọ́n pè ní /etc/hostname. Àwọn SUSE ń kọ ọ́ sínú /etc/HOSTNAME tẹ́lẹ̀, lẹ́tà ńlá. Àwọn Red Hat ń kọ ọ́ sínú /etc/sysconfig/network tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú nǹkan mìíràn. Nígbà náà, ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀kan, tó wá dé ọ̀dọ̀ èkejì, á di ọmọ tuntun. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe sọ́fúwíà tí yóò ṣiṣẹ́ níbi gbogbo ní láti kọ́ ọ̀nà gbogbo wọn, nítorí ọ̀rọ̀ orúkọ lásán.

Ní 2010, Lennart Poettering, ọmọ Jámánì kan, pẹ̀lú Kay Sievers, gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní systemd. Iṣẹ́ ńlá ni, ohun púpọ̀ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀kan lára ohun tó bá a dé ni pé kí irú àwọn ìlànà kéékèèké wọ̀nyí wà ní ibì kan náà níbi gbogbo. Ní ti orúkọ kọ̀ǹpútà, wọn kò dá ọgbọ́n tuntun. Ti Debian ni wọ́n mú, wọ́n ní kí gbogbo ayé máa lò ó. Ní 2012 wọ́n fi /etc/os-release kún un, kí èyíkéyìí nínú Linux lè máa sọ níbẹ̀ pé “èmi ni báyìí, irú mi ni báyìí”, nítorí olúkúlùkù ti ń kọ ọ́ sí ibi tó wù ú tẹ́lẹ̀.

Ṣé gbogbo ènìyàn ló gbà? Rárá o. Ìjà ńlá ló dá sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2014, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ kan ní ẹgbẹ́ Debian dìbò lórí bóyá systemd ni wọn ó fi ṣe ìpìlẹ̀ tiwọn tàbí iṣẹ́ mìíràn. Ìbò dọ́gba, mẹ́rin sí mẹ́rin. Ìbò àtapa tí alága wọn, Bdale Garbee, dì ló yanjú rẹ̀, systemd sì wọlé. Inú àwọn kan kò dùn rárá. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ya lọ láti dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Devuan. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kì í ṣe fáìlì orúkọ. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí ohun púpọ̀ bá ti ń bọ́ sábẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, agbára á pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ má fi ẹ̀rù wọn ṣẹ̀sín. Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ pẹ́ mọ̀ pé ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù asán.

Ẹ̀kẹta ni ti Python, èdè tí àwọn ènìyàn fi ń kọ sọ́fúwíà. Ẹni tó bá ń fi Python ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ a máa ní setup.py, a máa ní setup.cfg, irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń bá a yẹ iṣẹ́ wò a sì tún máa béèrè fún fáìlì tirẹ̀. Ní 2016 wọ́n fẹnu kò lórí fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ pyproject.toml. Ó dà bí ìwé tó ní orí púpọ̀: irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orí tirẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọ nǹkan sí orí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n kọ síbẹ̀, ojú lásán lè kà á. Kì í ṣe gbogbo irinṣẹ́ ló ti wọlé, àwọn kan ṣì di tiwọn mú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti wọlé, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi tipátipá mú wọn, nítorí àwọn tó ń lò wọ́n rí i pé ara tù wọ́n.

Lójú tèmi, ọ̀nà kẹta yìí ló yẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jù. Ìwé kan, orí púpọ̀, tí gbogbo ẹni tó bá mọ̀wé lè kà.

ẸNI TÓ MỌ IBẸ̀ LÓ DI Ọ̀GÁ

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú wa á sọ. Wọ́n á ní, “Kí ló kàn wá nínú fáìlì? Ṣebí ọmọ tó ń bá wa tọ́jú kọ̀ǹpútà mọ gbogbo ibi tí nǹkan wà.” Ọ̀rọ̀ tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Bí ìlànà bá wà ní ojú mẹ́rin, tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹni yẹn ti di ọ̀gá alága, ó ti di ọ̀gá akápò, a kò sì dìbò yàn án. Ó lè jẹ́ ọmọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn ńkọ́? Bí físà rẹ̀ bá dé ńkọ́? Bí ẹni tó ta sọ́fúwíà fún wa bá ní ohun tí a fi ń yí èlé padà wọ́n, pé kí a san owó lọ́tọ̀ nígbàkúùgbà tí ìpàdé bá ti yí nǹkan, kí la ó ṣe?

Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ ti jáde ní Nàìjíríà ní 1935, ìwé tó ṣeé yẹ̀ wò ni agbára irú ẹgbẹ́ tiwa. Ọmọ ẹgbẹ́ lè béèrè pé kí a ṣí ìwé. Ọ̀dítọ̀ lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìlànà tó ń darí owó wa bá wá farapamọ́ sínú kọ̀ǹpútà níbi tí alága kò mọ̀, tí ọ̀dítọ̀ kò lè kà, a jẹ́ pé a ti fi ọwọ́ ara wa pa ìwé dé.

Àwọn mìíràn á ní, “Bí gbogbo rẹ̀ bá wà lójú kan, tí ojú kan yẹn bá wá bàjẹ́ ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni èyí, kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ̀dà. Fáìlì kan ṣoṣo rọrùn láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ju fáìlì mẹ́rin tí a kò mọ ibi tí wọ́n wà lọ. Ohun tí a bá mọ ibi tó wà la lè dáàbò bò.

Àwọn àgbà á tún ní ọ̀nà kan ò wọjà. Òótọ́ ni, àwọn àgbà wa kò purọ́. Ọ̀nà púpọ̀ ló wọ ọjà, ṣùgbọ́n ojú kan ni ọjà wà. Kí apá ẹ̀yáwó gba ọ̀nà tirẹ̀ wá, kí apá rìsíìtì gba ọ̀nà tirẹ̀ wá, kí gbogbo wọn ṣáà pàdé níbi tí a kọ èlé sí, kí ó sì jẹ́ iye kan náà ni wọn ó bá níbẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A BÉÈRÈ

Bí ẹni tó fẹ́ ta sọ́fúwíà fún wa bá dé ìpàdé, mo dábàá pé kí a bi í ní ohun márùn-ún yìí kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́ sókè láti fọwọ́ sí owó.

Èkíní: ṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó kọ ìlànà kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo apá yòókù á sì máa wá kà á níbẹ̀? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó yí èlé padà níwájú wa, kí a sì wo rìsíìtì, àtẹ̀jíṣẹ́ àti àkójọ ìparí ọdún, bóyá gbogbo wọn yí padà.

Èkejì: ṣé a lè kà á? Kí ó tẹ gbogbo ìlànà jáde sórí bébà kí a rí i. Bí kò bá ṣeé tẹ̀ jáde, kò yẹ wá. Èyí tó bá tẹ̀ jáde ni kí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá wá dá owó lè kà á bí ẹni ka iye owó ọjà.

Ẹ̀kẹta: ṣé a lè kọ ìdí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Nínú irú fáìlì bíi pyproject.toml, ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀lé àmì # lórí ìlà kò sí fún kọ̀ǹpútà, fún ènìyàn ló wà. Níbẹ̀ ni a ó ti kọ ọjọ́ ìpàdé tó yí ìlànà padà àti ojú ewé tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé. Kí a má sì pa ti àtijọ́ rẹ́. Kí 10 wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, kí 8 tẹ̀lé e pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀, nítorí ẹni tó yáwó kí ìpàdé tó dín èlé kù ní àdéhùn tirẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi tuntun da tàtijọ́ rú.

Ẹ̀kẹrin: níbo ni ẹ̀dà yóò wà? Kí ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn tí iná tàbí olè ọ́fíìsì kò lè dé. Kí ẹni méjì sì fọwọ́ sí i kí ìlànà tó yí padà, gẹ́gẹ́ bí ẹni méjì ṣe ń fọwọ́ sí ìwé sọ̀wédowó.

Ẹ̀karùn-ún: ohun àṣírí ńkọ́? Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Pásíwọ̀dù àti nọ́ńbà àṣírí báǹkì kò gbọdọ̀ sí nínú ìwé tí à ń tẹ̀ jáde yìí. Ojú kan tiwọn ni kí wọ́n wà, ní ìpamọ́, lábẹ́ ọwọ́ àwọn tí ìpàdé yàn. Bí mo bá ní kí ìlànà wà lójú kan, n kò ní kí a kó kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra wá sí gbangba.

Bí a kò bá tilẹ̀ ra nǹkan kan lọ́dún yìí, a lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Excel tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lò. Ohun tí àwọn akọ̀wé sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á tẹ 8% sínú ìṣirò orúkọ kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀. Bí orúkọ bá jẹ́ igba, a jẹ́ pé èlé wà ní igba ojú! Ẹ jẹ́ kí a ya ojú ewé kan sọ́tọ̀, kí a pè é ní Ìlànà. Kí a kọ èlé àtijọ́ sínú àpótí B2, kí a kọ tuntun sínú B3, pẹ̀lú ọjọ́ wọn ní ẹ̀gbẹ́. Bí ìṣirò bá wà lórí ojú ewé yẹn kan náà, $B$3 ni a ó kọ dípò 8%. Bó bá wà lórí ojú ewé mìíràn, a ó kọ Ìlànà!$B$3. Àmì dọ́là yẹn kì í ṣe owó Amẹ́ríkà o. Ohun tó ń sọ fún Excel ni pé bí a bá da ìṣirò náà kọ sórí ìlà mìíràn, kí ó má ṣe kúrò lórí àpótí yẹn. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, kò sì ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn gbọ́ bí ọ̀rọ̀ pínpín èrè ọdún. Ṣùgbọ́n inú ibi tí a kọ ìlànà sí ni èrè ọdún ti ń jáde. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun kò kàwé tó láti béèrè. Ẹni tó lè bi ẹlẹ́ran léèrè pé “òṣùwọ̀n wo lo fi wọ̀n ọ́n?” lè bi ẹni tó ń ta sọ́fúwíà léèrè pé “níbo lo kọ èlé wa sí?” Ìbéèrè kan náà ni méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ wá sí ìpàdé. Ẹ má rán ọmọ wá dípò ara yín. Ẹ mú ìwé ìròyìn yìí dání, kí ẹ sì fi ìka lé ìbéèrè márùn-ún yẹn bí alága bá ní ta ló lọ́rọ̀ láti sọ. Bí ọkùnrin sọ́fúwíà bá dáhùn márààrún tó yege, èmi á wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ nawọ́ sókè fún un. Bí kò bá yege, ẹ jẹ́ kí owó wa dúró sínú àpò ẹgbẹ́ ná, kí a máa fi ojú ewé Ìlànà tiwa ṣe é títí ẹlòmíràn yóò fi dé.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ wa kò ní dàrú o, ìwé wa kò ní ṣì. Ó dìgbà o.